Ẹwà Àwòrán Ilẹ̀ Erékùṣù Áísílándì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwòrán ilẹ̀ wà fún, èyí ni láti fi ọ̀nà han ẹni tí kò mọ̀nà. Nígbà tí a bá gbé e kọ́ sára ògiri ní ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ ìlú àti orúkọ odò ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá nínú rẹ̀. Bí ó bá sì ti rí èyí tí ó ń wá, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àwòrán ilẹ̀ tí ọwọ́ ọlọ́gbọ́n ṣe, yóò rí i pé iṣẹ́ ọnà ni pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ère gbígbẹ́ àti aṣọ híhun ti jẹ́ iṣẹ́ ọnà. Àwọ̀ inú rẹ̀ ní ìtumọ̀, ìlà inú rẹ̀ ní ìtumọ̀, àní ibi tí a kò kọ ohunkóhun sí pàápàá ní ìtumọ̀ tirẹ̀.

Láàárín ọdún 1955 sí 1959 ni ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé àwòrán ilẹ̀ ńlá kan jáde ní ìdìpọ̀ márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ John Bartholomew ní ìlú Edinburgh, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ni ó ya àwọn àwòrán náà. Ìdílé kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìran dé ìran, tí baba ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́, bí ìdílé alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìhà àríwá Yúróòpù ni ìdìpọ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1955 dá lé lórí. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní ìhà ibẹ̀, kò sí èyí tí ó fi ọgbọ́n irú àwọn ayàwòrán báwọ̀nyí hàn tó erékùṣù Áísílándì. Ilẹ̀ náà tó bí 103,000 kìlómítà níbùú-lóròó, òkun sì yí i ká pátápátá. Òkè oníná ń bẹ níbẹ̀, pápá yìnyín ń bẹ níbẹ̀, aginjù oníyanrìn dúdú ń bẹ níbẹ̀, pápá tútù tí àgùntàn ń jẹ̀ sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ẹwà, ó yẹ kí a mọ bí òtítọ́ ṣe dé inú àwòrán náà. Ní ọdún 1590, Abraham Ortelius, ayàwòrán ilẹ̀ ní ìlú Antwerp, tẹ àwòrán Áísílándì kan tí ìmọ̀ inú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Guðbrandur Þorláksson, bíṣọ́ọ̀bù Hólar, wá. Àwòrán náà dùn ún wò púpọ̀. Òkè Hekla ń tu iná lójú gbogbo ayé, àwọn béárì funfun dúró lórí yìnyín tí ó léfòó, inú òkun sì kún fún ẹja abàmì oríṣiríṣi: òmíràn gùn bí ọkọ̀, òmíràn ní gọ̀gọ̀ bí ẹṣin. Ẹ̀rù tí òkun fi ń ba àwọn awakọ̀ ni ẹja abàmì wọ̀nyí ń fi hàn. Wọn kò kọ́ni ní ibi tí òkúta wà nínú omi. 

Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ ìṣirò kan, Björn Gunnlaugsson, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ Bessastaðir, dìde. Láti ọdún 1831 títí di 1843 ni ó fi ń lo àkókò ẹ̀ẹ̀rùn láti rin erékùṣù náà ká, tí ó ń wọn òkè, tí ó ń la odò kọjá. Ìwé mẹ́rin tí a tò pọ̀ ni àwòrán tí ó ti inú ìrìn náà jáde, ọdún 1844 ni a sì kọ sára rẹ̀. Ní ọdún 1900, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, tí ó ń ṣàkóso erékùṣù náà nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí wọn ilẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Kí àwọn ọdún 1930 tó parí, wọ́n ti wọ̀n ọ́n já. Orí ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni àwọn ayàwòrán ọdún 1955 dúró lé kí wọ́n tó ríran jìnnà.

Àwọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń fa ojú mọ́ra nínú àwòrán ilẹ̀ ìgbà náà. Bartholomew ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ pé kí a máa fi àwọ̀ ṣe òṣùwọ̀n ìga ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú létí òkun jẹ́ àwọ̀ ewé; bí ilẹ̀ bá ti ń ga sí i, àwọ̀ náà a máa yí padà díẹ̀díẹ̀, a di ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé tí ó fẹ́ gbẹ, a di àwọ̀ iyanrìn, a sì di àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Bákan náà ni ti òkun. Ibi tí kò jìn jẹ́ àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ibi tí ó jìn sì ṣú dùdù. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kò sí àwọ̀ kan tí ó pariwo ju èkejì lọ. Bí àwọ̀ kan bá yàtọ̀ jù sí èyí tí ó tẹ̀ lé e, ojú yóò rò pé ògiri ni ó dúró níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lásán ni.

Ní Áísílándì, òkè tí ó ga jù ni yìnyín bò, yìnyín sì gba bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo erékùṣù náà. Funfun ni a fi ṣe àmì rẹ̀. Íǹkì funfun kọ́ ni a fi kùn ún. Bébà fúnra rẹ̀ ni a fi sílẹ̀ láìtẹ ohunkóhun lé e àfi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ aládìrẹ kò ní pẹ́ lóye èyí. Obìnrin tí ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ mọ̀ pé ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní í mú un, funfun rẹ̀ ni yóò sì gbé ọnà náà jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Vatnajökull, pápá yìnyín tí ó tóbi jù lọ ní erékùṣù náà, ṣe ń tàn láàárín àwọn òkè tí ó yí i ká lórí bébà.

Lẹ́yìn àwọ̀ ni ìlà etíkun. Ẹ jẹ́ kí ojú rìn láti ìwọ̀-oòrùn wá sí gúúsù. Ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ náà yọ sínú òkun bí ọwọ́ tí ó la ìka, òkun sì wọ àárín ìka náà lọ jìnnà. Ọrùn ilẹ̀ tóóró kan ṣoṣo ni ó so ọwọ́ náà mọ́ ara. Ṣùgbọ́n ní gúúsù, etíkun náà ń dán, ó tẹ́ bí ẹni pé ènìyàn fi ọwọ́ nù ún. Ó ṣòro láti rí èbúté níbẹ̀. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ní ìwọ̀-oòrùn, yìnyín ayé àtijọ́ ni ó gbẹ́ àfonífojì jíjìn, tí òkun sì wọlé sí i. Ní gúúsù, àwọn odò tí ń ṣàn jáde láti abẹ́ yìnyín ń ru iyanrìn àti eérú òkè oníná wá sínú òkun láìsinmi, tí wọ́n fi dí gbogbo ihò etíkun pa. Ìlà kan ṣoṣo ni ayàwòrán fà, kò sì kọ àlàyé kankan sí i. Síbẹ̀ gbogbo ìtàn yìí wà nínú ìlà náà fún ẹni tí ó lè kà á.

Orúkọ náà kò gbẹ́yìn. Orúkọ omi a máa dà gẹ̀rẹ̀ bí omi tí ń ṣàn. Orúkọ ìlú a dúró ṣánṣán. Orúkọ ohun ńlá a fẹ̀, orúkọ ohun kékeré a kéré. Nínú orúkọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ni ẹ̀kọ́ wà. Ìtumọ̀ Reykjavík, olú-ìlú erékùṣù náà, ni ìyawọlẹ̀ omi eléèéfín, nítorí ìsun omi gbígbóná tí èéfín rẹ̀ ń gòkè níbẹ̀. Ibikíbi tí a bá sì ti rí "jökull" ní ìparí orúkọ, yìnyín ni ó wà níbẹ̀. Àwọn orúkọ ìlú tò yí etíkun ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ṣùgbọ́n àárín erékùṣù náà dá páro. Ayàwòrán kò fi ẹja abàmì tàbí òdòdó dí ibi tí ó ṣófo yìí, nítorí òfìfo náà jẹ́ òtítọ́: ènìyàn kò gbé ibẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Láyé àtijọ́, orí bàbà ni a ti ń fín ìlà àti orúkọ, a sì ní láti fín wọn ní òdìkejì, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ìwé nínú dígí. Lẹ́yìn náà ni a kọ́ ọgbọ́n òkúta, tí a sì fi irin pẹlẹbẹ rọ́pò òkúta nígbẹ̀yìn. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ó wà nídìí rẹ̀: òróró kì í gba omi. A ó fi ohun ọlọ́ràá ya àwòrán, a ó sì fi omi rin òkúta náà. Ibi tí ó tutù yóò kọ íǹkì, ibi tí ó lọ́ràá yóò gbà á. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òkúta tàbí irin tirẹ̀, bébà kan náà ni ó sì gbọ́dọ̀ gba gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀ bí ìbú irun orí, odò yóò gun orí òkè, ìlú yóò sì bọ́ sínú òkun. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Síbẹ̀ kò sí àwòrán ilẹ̀ tí kò purọ́ díẹ̀. Bí mílímítà 1 lórí bébà bá dúró fún kìlómítà 1 lórí ilẹ̀, ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní mítà 5 kò ní í ju ìdá kan nínú igba mílímítà lọ, ojú kò sì lè rí i. Nítorí náà ni a fi ń ya ọ̀nà ní fífẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Irọ́ tí a pa kí òtítọ́ lè hàn ni èyí, kò sì sí ẹni tí ó lè bá ayàwòrán wí. Èyí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún ni ohun tí àwọ̀ dáradára bò mọ́lẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Vatnajökull ni Laki wà, ibi tí ilẹ̀ ti là ní oṣù kẹfà ọdún 1783 tí iná sì ń tú jáde fún oṣù mẹ́jọ. Májèlé inú èéfín rẹ̀ bọ́ sórí koríko. Ó ju ìdajì ẹran ọ̀sìn erékùṣù náà tí ó kú, ìyàn sì tẹ̀ lé e. Nínú ènìyàn márùn-ún, bí ẹnì kan ni ó bá a lọ. Lórí bébà, orúkọ kékeré kan ni Laki jẹ́, láàárín àwọ̀ tí ó tutù lójú.

Àwòrán náà pẹ̀lú ti di arúgbó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1963, àwọn apẹja rí èéfín tí ń ti inú òkun jáde ní gúúsù Áísílándì. Òkè oníná ni ó ń hù lábẹ́ omi. Nígbà tí iná náà kú ní ọdún 1967, erékùṣù titun kan tí ó tó 2.7 kìlómítà níbùú-lóròó ti dúró níbẹ̀, a sì sọ ọ́ ní Surtsey. Omi lásán ni ó wà níbẹ̀ nínú àwòrán ọdún 1955. Hvannadalshnúkur, òkè tí ó ga jù lọ, ni àwọn ìwé ìgbà náà sọ pé ó ga ní mítà 2,119. Nígbà tí a tún un wọ̀n ní ọdún 2005, mítà 2,110 ni. Vatnajökull, tí ó ju 8,000 kìlómítà níbùú-lóròó lọ nígbà náà, ti rẹlẹ̀ sí iye yìí, nítorí ayé ń móoru. Ní ọdún 2014 ni onímọ̀ kan kéde pé yìnyín orí òkè Ok ti tín-ín-rín débi pé kò yẹ ní ẹni tí a ń pè ní jökull mọ́. Ní ọdún 2019, wọ́n fi àmì ìrántí bàbà sí ojú òkúta níbẹ̀, bí ìgbà tí a ń ṣe ẹ̀yẹ fún òkú.

Ǹjẹ́ kí a wá ju àwòrán àtijọ́ náà nù bí? Rárá o. Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwòrán òní, tí a fi ọkọ̀ òfúrufú àti ìràwọ̀ àtọwọ́dá yà, péye ju tàná lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kò lè fi bí yìnyín ti fẹ̀ tó ní àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá hàn wá. Funfun tí ayàwòrán fi sílẹ̀ lórí bébà láti fi gbé ẹwà iṣẹ́ rẹ̀ jáde ti di ẹlẹ́rìí lónìí. Nítorí pé ó fi ara balẹ̀, tí kò fi ohun tí kò sí kún ohun tí ó wà, a lè gbé àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tuntun, kí a sì mọ ohun tí ó ti sọnù. Ẹwà tí ó bá òtítọ́ rìn ni ẹwà tí ń pẹ́.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwòrán ọdún 1590 àti ti ọdún 1955? Èwo ni ó wúlò jù fún awakọ̀ òkun, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Ṣàlàyé ní ọ̀rọ̀ ara rẹ ìdí tí etíkun gúúsù Áísílándì fi tẹ́ tí ti ìwọ̀-oòrùn fi la bí ìka ọwọ́.
3. Báwo ni iṣẹ́ aládìrẹ àti iṣẹ́ ayàwòrán ilẹ̀ ṣe jọra?
4. "Irọ́ tí a pa kí òtítọ́ lè hàn." Kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn yìí nínú àyọkà náà?
5. Kọ àròkọ ojú ewé méjì lórí ohun àtijọ́ kan ní ìlú rẹ tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ohun tí kò sí mọ́.