Fuzi: Gbòǹgbò Tí Sísè Rẹ̀ Ya Oògùn Kúrò Lára Májèlé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, tí wọ́n bá ní kí a kọ egbòogi kan sílẹ̀, orúkọ ewéko àti àìsàn tó ń wò ni a sábà máa ń kọ. Gbòǹgbò kan láti ilẹ̀ Ṣáínà fi hàn pé ìyẹn ò tó.

Aconitum carmichaelii ni ewéko náà. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, àgbègbè Jiangyou ní ìpínlẹ̀ Sichuan ló sì lókìkí jù fún ọ̀gbìn rẹ̀. Ìyá gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní wutou, èyí tó túmọ̀ sí "orí kannakánná". Àwọn ọmọ tó so mọ́ ọn lára ni fuzi.

Májèlé inú rẹ̀ ni aconitine. Lára iṣan àti ọkàn wa, àwọn ojú ọ̀nà kan wà tí sodium ń gbà wọlé. Wọ́n máa ń ṣí, wọ́n sì máa ń tì kíákíá. Aconitine kì í jẹ́ kí wọ́n tì. Ètè àti ahọ́n ẹni tó jẹ ẹ́ á máa ta á, wọ́n á sì kú. Èébì á tẹ̀lé e, ọkàn á wá máa lù ségesège. Nǹkan bíi miligíráàmù 2 péré lè pa àgbàlagbà, kò sì ní ẹ̀rọ̀ kan pàtó.

Ìtàn àwọn ará Ṣáínà jẹ́rìí sí ọwọ́ méjèèjì. Ní ọdún 71 ṣáájú ìbí Jésù, Olorì Xu Pingjun kú lẹ́yìn ìbímọ. Ìwé ìtàn ìjọba Han sọ pé fuzi tí wọ́n pò mọ́ oògùn rẹ̀ ló pa á. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, oníṣègùn Zhang Zhongjing lo fuzi, atalẹ̀ gbígbẹ àti gancao, tí í ṣe gbòǹgbò dídùn kan, fún aláìsàn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù. Wọ́n ṣì ń lo àpòpọ̀ náà títí dòní.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Ìpèsè àti ìwọ̀n ni. Wọ́n máa ń rẹ gbòǹgbò náà sínú omi kíkorò tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ iyọ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á gé e, wọ́n á sì fi omi ṣàn án dáadáa. Omi àti iná ń sọ aconitine di benzoylaconine, lẹ́yìn náà aconine, tí oró wọn kéré gan-an sí tàkọ́kọ́. Ìwé òfin egbòogi Ṣáínà fi ìwọ̀n èyí tí wọ́n ti pèsè sí gíráàmù 3 sí 15, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ sè é fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn egbòogi yòókù tó wọ inú ìkòkò.

Ẹ kíyè sí ọtí níbí yìí. Ẹni tó bá rẹ gbòǹgbò tútù sínú ọtí ń fa májèlé náà jáde ni, kò sì sí iná tí yóò fọ́ ọ. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ṣáínà.

Nítorí náà, tí a bá lọ gba ìmọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣègùn, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin sí i: Apá wo lára ewéko náà? Tútù ni tàbí gbígbẹ? Omi ni tàbí ọtí? Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó lórí iná? Ìdáhùn tí a kò kọ sílẹ̀ lè jẹ́ èyí tí ì bá gba ẹ̀mí ẹnìkan là.