Ayálégbé Tí Ó Kó Jáde Kí Ọdún Tó Pé

 

Ẹ̀yin ọmọ kéwú wa àti ẹ̀yin òbí, bàbá akẹ́kọ̀ọ́ wa kan san owó ilé ọdún kan, ₦360,000. Nígbà tí ó gbé oṣù márùn-ún, ibi iṣẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ó ní kí onílé dá owó oṣù méje padà. Onílé ní òun ti ná an. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n má kí ara wọn mọ́ ní mọ́sáláṣí, ni wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá wa.

Ilé yíyá wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní al-ijārah. Títà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ni a tà, bí kò ṣe àǹfààní gbígbé inú rẹ̀ fún àkókò tí a mọ̀. Ó di dandan fún àwọn méjèèjì, nítorí āyah àkọ́kọ́ nínú Sūratul-Mā'idah pàṣẹ pé kí a mú àdéhùn ṣẹ. Nítorí náà, ayálégbé tí ó fúnra rẹ̀ kó jáde kò lè fi túláàsì gba owó oṣù tí kò gbé. Onílé náà kò sì lè lé e nítorí pé ẹlòmíràn mú owó tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. (Èyí ni àwọn onílé wa kì í fẹ́ gbọ́.)

Àwọn ọmọlẹ́yìn Abū Ḥanīfah gbà pé ìdí pàtàkì, bí ìrìn-àjò tí ó di dandan, lè tú àdéhùn náà. Ní ti Mālik tí a ń tẹ̀lé, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Risālah Ibn Abī Zayd mọ̀ ọ́n: bí ilé bá wó, àdéhùn tú. Tí ó bá jẹ́ pé ilé bàbá yìí ni ó wó, ₦30,000 lóṣù fún oṣù méje, ₦210,000 ni onílé ìbá dá padà. Ikú ẹni tí ń gbé inú ilé kì í tú u, àwọn àrólé rẹ̀ ni ó ni oṣù tí ó kù.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ayálégbé lè fi ẹni bíi tirẹ̀ sí ilé náà títí ọdún yóò fi pé. Bí ìwé àdéhùn bá kọ̀ ọ́, kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Èkejì ni al-iqālah: kí àwọn méjèèjì jọ fẹnu kò láti tú àdéhùn. Hádíìsì tí Abū Dāwūd gbà wá sọ pé Ọlọ́hun yóò fojú fo àṣìṣe ẹni tí ó bá gbà fún ọmọnìkejì rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A ka hádíìsì yìí fún onílé. Ó dákẹ́ títí, ó ní bí òun bá rí ẹlòmíràn, òun yóò dá owó oṣù tí ó kù padà. Oṣù kan kọjá kí ó tó rí. Ó san ₦180,000, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó san án. Bàbá náà kò bínú sí oṣù kan tí ó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ilé lọ́dún yìí, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìkíyèsílẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 fi oṣù mẹ́fà sí i fún ayálégbé ọlọ́dọọdún, níbi tí àwọn méjèèjì kò bá ti kọ òmíràn sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ tiyín sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí méjì.