Àpótí Ìmọ̀: Kí Ló Mú Yìnyín Funfun?

Òjò dídì kì í rọ̀ ní ìlú Ìgbàrà-Òkè. Yìnyín la mọ̀, èyí tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń kó dé nígbà mìíràn, tó máa ń dún lórí páànù, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ. Mú ẹyọ kan kí ó tó yọ́, gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Omi kò ní àwọ̀. Kí ló dé tí yìnyín fi funfun? Afẹ́fẹ́ tó há sínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ni. Gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn; àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn ń fọ́n gbogbo wọn ká pa pọ̀, ojú wa sì ń rí wọn ní funfun. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò dídì ìlú London. Ibi tó mọ́ gaara bíi dígí lára yìnyín ló wù mí jù: afẹ́fẹ́ ò sí níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá.