Nígbà tí Èsì Àyẹ̀wò Kì í Ṣe Bẹ́ẹ̀ ni, Tí Kì í Ṣe Bẹ́ẹ̀ kọ́

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹni ọdún 38 ni mí. Mo ṣe àyẹ̀wò Pap sí ọrùn ilé-ọmọ, wọ́n sì kọ ASC-US sínú èsì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní wọn ò rí jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ò rí bó ṣe yẹ. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Ṣé wọ́n ń fi òótọ́ pamọ́ fún mi ni? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. Ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ẹni tó wo sẹ́ẹ̀lì yín sọ ibi tí ojú rẹ̀ ríran dé ni.

Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n fi ha sẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n rẹ ẹ́ láró, wọ́n sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní kóró nínú. Kóró sẹ́ẹ̀lì tó dára kéré, ó sì rí roboto. Ti jẹjẹrẹ tóbi, ó dúdú, etí rẹ̀ rí gbágungbàgun. Tiyín wà láàárín méjèèjì; ohun tí ASC-US túmọ̀ sí nìyẹn. Fáírọ́ọ̀sì HPV lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Egbò tàbí kòkòrò ojú ara náà lè ṣe é, àní bí gíláàsì bá gbẹ kí wọ́n tó da oògùn sí i, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi tipátipá pè é ní jẹjẹrẹ, wọ́n lè gé ibi tí kò yẹ ní gígé. Bí wọ́n bá sì ní kò sí nǹkan kan, àrùn lè sá pamọ́ sí yín lára.

Ẹni bá fara balẹ̀ tú èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HPV fún yín. Bí wọn ò bá rí irú èyí tó léwu, ẹ padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọdún 3. Bí wọ́n bá rí i, wọn á fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ọrùn ilé-ọmọ yín, wọn á fi omi kíkan pa á, wọn á sì bu ẹran bíńtín níbi tó bá di funfun fún àyẹ̀wò. Níbi tí àyẹ̀wò HPV ò bá sí, ẹ tún Pap ṣe lẹ́yìn ọdún 1. Bí ẹ bá ní HIV, ẹ sọ fún dókítà, torí ìlànà tiyín lè yàtọ̀.

HPV 16 àti 18 ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Síbẹ̀, ara ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lé HPV lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 2, jẹjẹrẹ tí HPV ń fà sì sábà máa ń gbà ju ọdún 10 lọ kó tó yọjú. Àyè wà fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá padà lọ ni àyè yẹn wúlò fún. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa padà sára kàlẹ́ńdà lónìí, kí ẹ sì mú ìwé èsì yìí dání lọ.