Oyin Inú Àpáta, Àáké Àyálò

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ìdíje ìbọn yínyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lójú máa ń fi ti ara wọn lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń kówó lé ìbọn kí wọ́n tó dé pápá rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná ohun tó lé ní 2,000 pọ́n-ùn sórí ìbọn afẹ́fẹ́ ti ìdíje. Alẹ́ tó kọ́kọ́ gbé e dé ẹgbẹ́ ayìnbọn ni olùkọ́ ní kó na àtàǹpàkò sí gílóòbù iná, kó di ojú kan, kó sì tún di ìkejì. Ojú òsì ló ń darí rẹ̀, ìbọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló sì rà. Ó dunni púpọ̀, nítorí ìdánwò yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì náni ní kọ́bọ̀.

Ẹgbẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ó kéré tán oṣù 3 ni àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí máa ń lò lábẹ́ ìṣọ́ kó tó di ọmọ ẹgbẹ́ pátápátá, ìbọn ẹgbẹ́ ni yóò sì máa yìn. Ibẹ̀ ni yóò ti kọ́ òfin pápá: ẹnu ìbọn kì í kúrò ní apá ibi àfojúsùn, ìka kì í kan irin tí a fi ń yìnbọn títí ayìnbọn yóò fi fojú sun àmì, ìbọn òfìfo kò sì yàtọ̀ sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀.

Ipò mẹ́ta ló wà: ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ àti ìdúró. Ìdọ̀bálẹ̀ ló rọrùn jù, torí ìgúnpá méjèèjì wà nílẹ̀, okùn aláwọ tó so mọ́ apá sì ń bá ọwọ́ gbé ìbọn. Ìdúró ni iṣẹ́ wà. Ìdúró nìkan ni ti ìbọn afẹ́fẹ́ mítà 10: ọta 60 láàárín ìṣẹ́jú 75, sí àfojúsùn tí àmì máàkì 10 rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ. Ọta fúnra rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po 9.

Egungun ni kó gbé ìbọn, kì í ṣe ẹran ara. Agbára ló ń kọ́kọ́ tan olùbẹ̀rẹ̀ jẹ: bí ìbọn bá yà sọ́tùn-ún, yóò fi apá fà á padà sósì, apá yóò sì gbọ̀n. Kí ó fojú sun ún, kí ó pa ojú dé, kí ó mí lẹ́ẹ̀mejì, kí ó wá la ojú. Bí ìbọn bá ti kúrò lójú àmì, ẹsẹ̀ tàbí ìbàdí ni kí ó sún, kí ó fi apá sílẹ̀. Kí ó tún dán an wò títí ojú yóò fi là bá àmì níbi tó wà. Ẹ̀kọ́ yìí lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò sì sí ìbọn olówó ńlá tó lè bá ènìyàn kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni èémí: kí ó mí síta díẹ̀, kí ó dá a dúró, kí ìka rọra fà. Bí ìṣẹ́jú-àáyá bíi 8 bá kọjá tí kò tíì yìn ín, kí ó sọ ìbọn kalẹ̀. Bí ọta bá ti jáde, kí ó má tíì mira.

Kí olùbẹ̀rẹ̀ má sì ka máàkì. Ọta márùn-ún tó ṣù jọ ní igun kan sàn ju 10 kan láàárín mẹ́rin tó fọ́nká lọ. Èyí tó ṣù ṣeé sún sí àárín, nítorí ojú ìfojúsùn ìbọn ṣeé yí. Kò sí ohun tí a lè yí fún èyí tó fọ́nká.

Ọ̀rọ̀ Matthew Emmons, ará Amẹ́ríkà, ló tú òwe náà fó. Kí ìdíje Olympics 2004 tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ba ìbọn rẹ̀ jẹ́. Ó yá ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sí Athens, ó sì fi gba wúrà nínú ìdọ̀bálẹ̀ mítà 50. Àáké àyálò ló fi jẹ oyin. Ní Athens kan náà, nínú ìdíje oníipò mẹ́ta, òun ló ń ṣíwájú nígbà tó ku ọta kan ṣoṣo, ó sì yìn ín sí àfojúsùn ẹlòmíràn. Òdo ni wọ́n kọ fún un, ó já sí ipò 8. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà àfojúsùn rẹ̀ kí ó tó gbé ìbọn sójú, lójoojúmọ́, títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Ìdíje àkọ́kọ́ kò nílò ìrìnàjò. Àwọn ẹgbẹ́ Bìrìtìkó ń bára wọn díje nípasẹ̀ lẹ́tà: kálukú a yìn ín ní pápá tirẹ̀, a fi káàdì ránṣẹ́ fún ẹni tó ń ka máàkì, wọ́n a sì pín àwọn ayìnbọn sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí agbára wọn. Ọ̀nà tó dára ni, ojú kì í ti ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Níbi ọta àti àkókò, òwe náà tọ̀nà: ẹni tó ń ṣọ́ ọta lò kò ní mọ̀ ọ́n yìn. Ṣùgbọ́n níbi rírà, ẹnu àáké gan-an ni kí olùbẹ̀rẹ̀ wò. Bàtà pẹlẹbẹ, ohun ìbo-etí àti ìwé àkọsílẹ̀ tó fún ọdún kìíní. Nígbà tí ipò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ó ti mọ bí ìdí ìbọn ṣe yẹ kó gùn tó àti ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń sinmi, kí ó wá tọrọ ìwé àṣẹ ìbọn kékeré .22 lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Wọn yóò béèrè ẹgbẹ́ tó wà, wọn yóò sì wá wo kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí yóò máa tì í mọ́ nínú ilé.