Ìdí tí Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń Sáré lórí Wáyà Iná tí Kò sì Kú

Ẹni tí oko rẹ̀ wà lẹ́bàá ibi tí wáyà iná mànàmáná gbà kọjá yóò ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ọ̀kẹ́rẹ́ a máa sáré lórí wáyà náà bí ẹni pé ẹ̀ka igi ni. Àwọn alápàáńdẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú a sì máa tò sórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ohunkóhun kì í ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ tí ń kọ ẹyìn bá ṣèèṣì fi orí ọ̀pá rẹ̀ kan wáyà kan náà, ó lè kú lójú ẹsẹ̀.

Nítorí ohun tí wọ́n ń rí yìí, àwọn mìíràn a máa wí pé kò sí iná nínú wáyà tí ẹranko bá ti ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn a ní ẹsẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ ni iná kò lè ràn. Èrò méjèèjì ni kò tọ̀nà, èyí èkínní sì lè pa ènìyàn. Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ìdí ọ̀ràn náà dáadáa.

1. Bí iná mànàmáná ti ń rìn

Ẹ wo omi tí ó wà nínú àgbá lórí pèpéle. Bí a bá ṣí ẹnu rẹ̀, omi náà yóò ṣàn wá sílẹ̀, nítorí pé ibi gíga ni ó wà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àgbá méjì ka ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí omi inú wọn ga bákan náà, tí a sì fi ọ̀pá omi so wọ́n pọ̀, omi kì yóò ti inú ọ̀kan ṣàn lọ sínú èkejì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iná mànàmáná. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára tí ń tì í ni a ń pè ní fólítì. Iná kì í gba inú ohun kan kọjá àfi bí fólítì ìhín àti ti ọ̀hún bá yàtọ̀ síra. Iná tí a ń lò nínú ilé ní Nàìjíríà jẹ́ fólítì 230. Wáyà tí ń gbé iná wọ àwọn ìlú àti abúlé a máa jẹ́ fólítì 11,000 tàbí 33,000. Ti orí àwọn òpó onírin gíga tí ń la oko àti igbó kọjá a máa jẹ́ 132,000 tàbí 330,000. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ ni a kà sí òdo. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wáyà àti ilẹ̀ ni ó ń ṣekú pa ènìyàn.

2. Ohun tí ó ń gba ọ̀kẹ́rẹ́ là

Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí wáyà kan ṣoṣo, kò sì fara kan ohun mìíràn. Bí wáyà náà bá jẹ́ fólítì 11,000, gbogbo ara ọ̀kẹ́rẹ́ náà di 11,000 pẹ̀lú. Ó dàbí ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi: bí omi bá kún sókè, òun pẹ̀lú a bá a gòkè. Kò sí ìyàtọ̀ tí yóò ti iná gba inú ara rẹ̀ kọjá.

Ẹnìkan lè béèrè pé: iná tí ń ti ẹ̀yìn ọ̀kẹ́rẹ́ bọ̀ wá sí iwájú rẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí ó gba ara rẹ̀ kọjá? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wáyà jẹ́ ọ̀nà tí ó rọrùn fún iná gidigidi, bí ọ̀nà ọlọ́dà ti rọrùn fún ọkọ̀; ara ẹran sì dàbí ipa inú igbó tí ẹ̀gún dí. Láàárín ẹsẹ̀ ẹyẹ kan sí èkejì lórí wáyà alumíníọ̀mù tí ó nípọn, ìyàtọ̀ tí ó wà kò tó ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún fólítì kan. Ẹ rántí pé bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo jẹ́ fólítì kan àtààbọ̀. Ìwọ̀nba tí ó gba ara ẹyẹ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà, kì í ṣe irun tàbí èékánná ni ó gba ọ̀kẹ́rẹ́ là, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé a fi rọ́bà bo wáyà náà. Ìhòòhò ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáyà orí òpó wà. Ohun tí ó gbà á là ni pé ohun kan ṣoṣo ni ó dì mú.

3. Ìgbà tí ẹranko ń kú lórí wáyà

Bí ẹranko bá fara kan ohun méjì tí fólítì wọn yàtọ̀, ó ti di afárá fún iná nìyẹn. Ẹ wo àdán ńlá, irú èyí tí ó pọ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Bí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, láti ṣóńṣó kan dé èkejì lè tó sẹ̀ǹtímítà 75. Bí ìyẹ́ kan bá kan wáyà kan, tí èkejì sì kan wáyà kejì, yóò kú síbẹ̀.

Ibi òpó ni ewu ọ̀kẹ́rẹ́ gbé wà. Ohun tí ó dàbí àwo tánńganran, tí a gbé wáyà lé, ni kò jẹ́ kí iná bọ́ sára irin ìdábùú òpó. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá di wáyà mú tí ìrù rẹ̀ sì kan irin náà, iná yóò gba ara rẹ̀ lọ sí ilẹ̀. Nígbà mìíràn gbogbo àdúgbò a sì wọ òkùnkùn nítorí rẹ̀.

4. Ènìyàn kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́

Kókó ẹ̀kọ́ yìí ni èyí: ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ kan ohun kan ná. Wáyà ni yóò jẹ́ èkejì. Ẹni tí ó fi igbà gun ọ̀pẹ kò yàtọ̀ sí i, nítorí pé omi wà nínú igi, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀. Ọ̀pá irin tí a so dòjé mọ́, àkàbà onírin, àti ọ̀pá omi tí a ń gbé nàró, ọ̀nà tààrà ni gbogbo wọn fún iná. Ọparun tútù pẹ̀lú kò ṣe é fọkàn tán. Bí fólítì bá sì ga púpọ̀, iná lè fò jáde kí a tó fara kan wáyà rárá.

5. Bí wáyà bá já bọ́ sínú oko

Nígbà tí a bá sọ òkúta sínú adágún omi, ìrúkèrúdò rẹ̀ a máa pọ̀ nítòsí, a sì máa dínkù bí ó ti ń jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni iná ń tàn ká inú ilẹ̀ tí wáyà bọ́ sí. Ẹsẹ̀ iwájú màlúù jìnnà sí ti ẹ̀yìn ju mítà kan lọ. Nítorí náà fólítì tí ó wà lábẹ́ wọn lè yàtọ̀ púpọ̀, iná a sì gba àyà rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ lékèélékèé méjèèjì sún mọ́ra. Ìdí nìyí tí màlúù fi lè ṣubú kú níbi tí lékèélékèé ti lè fò lọ. Ènìyàn tí ó bá sì ń fẹsẹ̀ gbọọrọ sáré níbẹ̀ ń sọ ara rẹ̀ di màlúù.

6. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

(a) Kí ẹ tó gbé ọ̀pá tàbí àkàbà sókè, ẹ kọ́kọ́ wo òkè. Ẹ má ṣe kọ ẹyìn tàbí ká èso lára igi tí imọ̀ tàbí ẹ̀ka rẹ̀ sún mọ́ wáyà.

(b) Ẹ má ṣe gbin ọ̀pẹ, gẹdú tàbí igi gíga mìíràn sábẹ́ wáyà, ẹ má sì kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ síbẹ̀. Ẹ má ṣe sun igbó lábẹ́ rẹ̀, nítorí iná lè gba inú èéfín fò wá sílẹ̀.

(d) Ẹ ka gbogbo wáyà sí èyí tí iná wà nínú rẹ̀. Iná tí kò sí láti ọ̀sẹ̀ kan lè dé láàárín ìṣẹ́jú kan.

(e) Bí wáyà bá já, ẹ jìnnà sí i tó mítà 10 ó kéré tán, ẹ lé ọmọdé àti ẹran kúrò, kí ẹnìkan ṣọ́ ibẹ̀, kí ẹlòmíràn sì ké sí ilé iṣẹ́ tí ń pín iná ní àdúgbò yín. Ẹni tí ó bá bá ara rẹ̀ nítòsí wáyà náà, kí ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí ó máa fi wọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ jáde láìgbé e sókè.

(ẹ) Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi igi fà á lára wáyà òpó, títí ilé iṣẹ́ náà yóò fi pa iná. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ dàbí ẹni pé kò ṣe é ní nǹkan.

7. Ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́

1. Kí ni ìdí tí ọ̀kẹ́rẹ́ kì í fi í kú lórí wáyà kan ṣoṣo?

2. Kí ni ó ń pa àdán tí ó na ìyẹ́?

3. Igi mélòó ni ó ti ga dé ìtòsí wáyà nínú oko ẹgbẹ́ yín? Ta ni yóò lọ sọ fún ilé iṣẹ́ iná kí wọ́n wá gé wọn, ní ọjọ́ wo sì ni?