Ṣé Wọ́n Lé E Ni, àbí Wọ́n Tẹ̀lé E?

Ẹ̀kọ́ òfin la mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ta ni coroner? Kì í ṣe àrùn kòrónà o! Coroner ni òṣìṣẹ́ òfin tó ń wádìí ikú òjijì, ikú ìjàǹbá àti ikú ẹni tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwa àti Ọsirélíà ti jogún ètò yìí. Ní Èkó, òfin ọdún 2007 gbé iṣẹ́ náà lé àwọn májísíréètì lọ́wọ́.

Ohun tí coroner ń wádìí:
1. Ta ló kú?
2. Ìgbà wo ló kú, ibo ló sì kú sí?
3. Kí ló pa á, báwo ló sì ṣe ṣẹlẹ̀?

Coroner kì í rán ènìyàn lẹ́wọ̀n. Òótọ́ ló ń wá.

Àpẹẹrẹ: Sydney, ọdún 2004
Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ọmọkùnrin Aboriginal kan (àwọn ló kọ́kọ́ ni ilẹ̀ Ọsirélíà) ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ní Waterloo. Ọmọ ọdún 17 ni, ẹgbẹ́ àwa SS3. Ọkọ̀ ọlọ́pàá wà nítòsí. Ó ṣubú, irin ọgbà gún un, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ará Redfern bá ọlọ́pàá jà. Ìdílé rẹ̀ ní ọlọ́pàá ló ń lé e. Ọlọ́pàá ní àwọn ò lé e.

Ní oṣù kẹjọ, coroner ní wọ́n tẹ̀lé e ni, wọn ò lé e. Ìjàǹbá ni, ọwọ́ ọlọ́pàá ò sí nínú ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kan kọ̀ láti jẹ́rìí, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ má baà kó bá a. Òfin gbà á láyè. Ìdílé náà ò gba ìdájọ́ yẹn títí di òní.

Ẹ wò ó: ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè sọ pé "mo kàn ń tẹ̀lé e ni." Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Òun nìkan ló mọ̀ bóyá ó rò pé wọ́n ń lé òun, òun ló sì ti kú. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òkú ò lè rojọ́; ìdí nìyẹn tí coroner fi gbọ́dọ̀ wá gbogbo ẹlẹ́rìí kàn.

Ìbéèrè fún àríyànjiyàn: Ṣé ó yẹ kí òfin fi dandan mú ọlọ́pàá jẹ́rìí níwájú coroner?